Òdòdó tí mo gbé sí ẹnu ọ̀nà oníbúrẹ́dì

Ìwé náà kò nípọn ju ìwé orin ìjọ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Ìtàn ọmọbìnrin òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ojú ń tì débi pé kò lè bá ọkùnrin tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀, àfi kó fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Bí inú rẹ̀ bá dùn, òdòdó kan wà fún ìyẹn. Bó bá ń jowú, òmíràn wà. Bó bá fẹ́ kí ọkùnrin náà má yọjú sílé àwọn fúngbà díẹ̀, òdòdó wà fún ìyẹn náà. Ọkùnrin yẹn á gba òdòdó, á gbé e sí imú, á sì mọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dáná. Wọ́n kàn ń dúró lójú fèrèsé ni.

Mo kà á tán, mo tún un kà. Ogun àwọn òyìnbó ti parí nígbà náà, aṣọ ti ń wọ ọjà padà, mo ti lé ní ogún ọdún, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ wa ní Abẹ́òkúta. Bàbá mi ni kátíkíìsì ìjọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ kátíkíìsì yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe ní gbogbo ìlú tí ìròyìn rẹ̀ kò ní délé ṣáájú mi.

Ẹni tó yá mi ní ìwé náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, béèsì ló sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọkùnrin gíga ni, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó dáhùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ìdánrawò orin, ó sún mọ́ mi, ó fa ìwé náà yọ lábíyá, ó ní, "Tíṣà, ẹ gba èyí. Ó lè dùn ún kà." Ó yí padà, ó lọ. Fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, odindi ìwàásù nìyẹn.

Kí ni kí n wá rò? Mo rò pé ọkùnrin tó bá yá ènìyàn ní irú ìwé báyìí ń pòwe ni. Bó ṣe fi ìwé bá mi sọ̀rọ̀, kí èmi náà fi òdòdó dá a lóhùn ló kù.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń kánjú. Wọ́n ti sọ fún un pé wọn yóò gbé e lọ sí Òkè Ọya lẹ́yìn ìkórè. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìjemọ̀, ti búra pé ọmọ òun kò ní lọ máa jẹ tùwó láìní ìyàwó tí yóò máa se oúnjẹ gidi fún un. Ó ti rí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òdèdá, ọmọ tó lè gún iyán fún ilé méjì kí òógùn tó bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ìyá ìjọ ló ti gbọ́ ìròyìn apá ọmọ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni oníbúrẹ́dì ń lọ sí Òdèdá lọ tọrọ rẹ̀. Bí Akọ̀wé kò bá mọ ohun tó wà nínú mi kí ìyá rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ Òdèdá, ó parí fún mi nìyẹn.

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi la ẹnu mi sọ ọ́. Obìnrin kì í kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Alárinà ló ń sọ ọ́, ẹbí ọkùnrin ló ń rán alárinà, ẹbí ọkùnrin yìí sì ti kọjú sí Òdèdá. Ọmọbìnrin tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń fẹ́ ọkùnrin, wọ́n á fi kọrin lódò títí aṣọ á fi gbẹ. Ojú sì ń tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé bó bá ti gba ohùn béèsì nínú orin, ohùn tèmi á bọ́ sọ́nà.

Mo lọ bá ìyá bàbá mi lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Mo kúnlẹ̀, mo bá a rẹ́ díẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí ni òdòdó máa ń sọ?"

Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Òdòdó wo?"

"Èyíkéyìí, mà."

"Òdòdó ilá ń sọ pé má ì já mi, ilá ń bọ̀. Òdòdó ẹ̀wà náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Òdòdó tí kò bá ti sọ pé oúnjẹ ń bọ̀, èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀."

"Àwọn òyìnbó máa ń fi í ránṣẹ́ síra wọn ni, mà. Ẹni tó bá gbà á á ti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fi í ránṣẹ́."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àrokò mà nìyẹn. Àwọn òyìnbó náà ń pa àrokò? Bàbá mi pa á fún àwọn ará oko títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà. Àrokò tí ẹni tá a fi ránṣẹ́ sí kò bá mọ̀, pàǹtí ni. Ta lo fẹ́ fi pàǹtí ránṣẹ́ sí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ bá mi pọn omi wá."

Mo pọn omi náà wá. Ìmọ̀ràn tó fi ṣáájú omi ni mi ò gbà.

Nínú ìwé yẹn, òdòdó funfun olóòórùn dídùn ló ń sọ pé ọkàn mi kò ní yẹ̀ láéláé. Irú èyí tí wọ́n dárúkọ kò sí lọ́dọ̀ wa. Òdòdó pupa ara ọgbà ilé ìwé kò ní òórùn kankan, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́. Òdòdó ilá, ẹ ti gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá ni mo rántí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí òdòdó rẹ̀ funfun báláú, tí àárín rẹ̀ rí bí inú ẹyin, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà. Láti kékeré ni mo ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Pé inú itẹ́ òkú ló wà, pé orí sàréè ni wọ́n máa ń gbin irú rẹ̀ sí, pé kò sí ọmọ Ẹ̀gbá kankan tí yóò jẹ́ kó hù lágbàlá òun, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ òyìnbó inú ìwé ni mo fi wò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ yẹn kò sì lẹ́nì kankan ní itẹ́ òkú wa.

Mo já a bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Oje funfun ń ṣàn lára igi náà, ó dà sí mi lápá aṣọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka mi bí àtè. Mo tú ọ̀kan nínú rìbọ́ǹnù funfun méjì tó wà lórí mi, mo fi di òdòdó náà ní ọrùn dáadáa. Mo gba Ìjemọ̀ lọ sílé ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjemọ̀ kò sí lọ́nà ilé ìwé. Mo mọ̀ pé Akọ̀wé ló máa ń kọ́kọ́ gba iwájú ilé wọn jáde, torí ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé nídìí ààrò búrẹ́dì. Mo gbé òdòdó náà sí ẹnu ọ̀nà wọn, mo sì sá lọ. Inú mi dùn. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní orin méjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí kò sí nínú iṣẹ́ wọn.

Nígbà ìsinmi, tíṣà tó máa ń bá wa ra búrẹ́dì padà wá lọ́wọ́ òfo, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Kò sí búrẹ́dì lónìí o," ó ní. "Ọmọ oníbúrẹ́dì ti kú."

Mo ní, "Ọmọ wo?"

"Ọmọ mélòó ló bí? Akọ̀wé ni. Wọ́n ní ó lọ bá ẹnìkan di iṣẹ́ mú ní ibùdó rélùwéè kékeré kan lọ́nà Ewékorò lánàá, kò sì padà sílé. Ilẹ̀ mọ́ báyìí, ọ́fíìsì wọn ti gbé òdòdó òkú wá sílẹ̀kùn ìyá rẹ̀."

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà yẹn kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bọ́gbọ́n mu tó. Kò tíì pẹ́ tí òṣìṣẹ́ rélùwéè àgbà kan ládùúgbò yẹn kú, tí ọ́fíìsì sì fi òdòdó funfun tí wọ́n di ní rìbọ́ǹnù ránṣẹ́ síbi ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo Ìjemọ̀ ló rí i. Wọ́n sì ti gbà pé bí ìjọba ṣe ń ṣe nìyẹn: ìjọba kò lójú tó fi ń sunkún, òdòdó ló ń fi ránṣẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé òdòdó tèmi ni. Ohun tí mo rò ni pé òdòdó tèmi náà á ti wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ́fíìsì, àti pé ọkùnrin náà kú láìrí i. Èyí ló dùn mí jù. Mo kígbe, àwọn ọmọ kíláàsì mi bá mi kígbe, torí pé ohun tí mo bá ṣe ni wọ́n máa ń ṣe. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún tíṣà yẹn, mo kọrí sí Ìjemọ̀ pẹ̀lú ẹkún. Mo gba àárín ọjà kọjá. Ọmọ kátíkíìsì, láìdé gèlè.

Ilé oníbúrẹ́dì ti kún. Ẹni kan ń wí pé ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹlòmíràn ń wí pé Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó kù. Èéfín búrẹ́dì tó jó ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kò sì sẹ́ni tó lójú láti lọ wò ó. Ìyá náà jókòó sórí ẹní, orí rẹ̀ ṣófo, kò sunkún mọ́, ó kàn ń mì síwá-sẹ́yìn. Mo ṣubú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun gbogbo tí mo ti dì sínú láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́gbẹ́ akọrin ló tú jáde lójú agbo.

"O ò dúró gbọ́!" mo ń ké. "Mo ní kí n sọ fún ọ, o ò dúró gbọ́! Ta ni kí n wá fẹ́ báyìí? Béèsì wo ni kí n máa gbọ́?"

Ẹnìkan lẹ́yìn mi bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nìyí ni?" Oníbúrẹ́dì dá mímì dúró, ó wò mí. Mo rí i pé ó wò mí, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí n bìkítà.

Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé òdòdó náà sínú abọ́ tánganran lórí rẹ̀. Mo wò ó, mo sọkún. Mo wá òdòdó kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò rí i. Mo fi ẹkún béèrè pé, "Ti ọ́fíìsì dà?"

"Òun náà lò ń wò yẹn," obìnrin kan dá mi lóhùn.

Mo tún un wò. Rìbọ́ǹnù mi ni. Mo fọwọ́ kan orí mi, ẹ̀gbẹ́ kan ní rìbọ́ǹnù, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní. Àṣé kò sẹ́ni tó kú. Ayọ̀ tó gbà mí lọ́kàn nígbà yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí títí mo fi bímọ. Ẹ̀rù tó tẹ̀lé e náà, ẹ máa wò ó. Ẹkún mi dá wáí, bí fèrè tí wọ́n fọwọ́ dí lẹ́nu.

Bí mo ṣe ń ronú ibi tí mo lè gbà sá ni Akọ̀wé yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti ọ̀nà Ewékorò ló pẹ́. Ó gbé báàgì sọ́wọ́ kan, ó gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí èjìká kejì, ó rí èrò, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún un. Bàbá arúgbó kan tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ nínú ìjọ wa ló na ọ̀pá sí i. "Bó o bá jẹ́ àkúdàáyà, padà síbi tó o ti wá. Bó o bá jẹ́ ènìyàn, dáhùn!"

Ẹ ti mọ ọkùnrin yìí. Ó dúró, ó kọ́kọ́ rò ó wò.

Kó tó rò ó tán, ìdajì ilé ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Wọ́n da tábìlì ìyẹ̀fun wó. Àwọn kan fi bàtà sílẹ̀. Bàbá tó na ọ̀pá ló ṣáájú wọn. Nígbà tí Akọ̀wé wá dáhùn pé "Ènìyàn ni mí, sà," èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú yàrá, torí pé òun kò bìkítà bóyá òkú ni àbí alààyè, ọmọ òun ni, èmi sì mọ̀.

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lára látòkè délẹ̀, ó gbá a létí fún pípẹ́ tó pẹ́, ó tún dì mọ́ ọn. Àwọn èrò ń yọjú padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yíjú sí mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ kátíkíìsì, padà wá síbí. Ìwọ lo sunkún ju gbogbo wa lọ. Kí ló dé tí ẹkún rẹ fi dá kí ọmọ mi tó wọlé?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i, ó rí oje tó gbẹ mọ́ ìka mi àti apá aṣọ mi. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo rìbọ́ǹnù kan ṣoṣo tó kù lórí mi, ó wo ti inú abọ́.

"Ìwọ lo gbé òdòdó ojú oórì wá sílẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtùkùtù." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́? Kí lo fẹ́ kó ṣe é?"

Gbogbo Ìjemọ̀ ló ń wò mí, àti ọkùnrin náà. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀tá ni mí nílé yẹn títí ayé, bàbá mi kò sì ní lè gun àga ìwàásù mọ́. Ohun tí mo ní kí òdòdó bá mi sọ ní kọ̀rọ̀ ni mo wá fẹnu ara mi sọ níwájú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ.

"Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe é, mà. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ ni."

Oníbúrẹ́dì wo òdòdó inú abọ́. "Òdòdó òkú ni wọ́n fi ń sọ fún alààyè pé a fẹ́ ẹ?"

"Ó wà nínú ìwé ni, mà."

"Ìwé ta ni?"

"Tiwọn ni," mo sì tọ́ka sí Akọ̀wé.

Gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó rò ó, ó rò ó, a dúró.

"Mi ò tíì kà á," ó ní. "Ojú ewé kejì ni mo dé. Mo kàn ń wá ohun tí mo lè fún un ni, mi ò rí nǹkan míì." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀ wàyí, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ má lọ sí Òdèdá mọ́."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn ju ìyẹn lọ látìgbà náà wá, nínú ìwé tàbí lóde ìwé.

Ìyá rẹ̀ yí padà. Ó jáde lọ sídìí ààrò, ó mú búrẹ́dì kan bọ̀ tó ti dúdú kirikiri bí èédú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́," ó ní. "Ìwọ lo jó o." Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ó rí i pé mi ò ju èérún kankan sílẹ̀ ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ kò fẹ́ kí ìrìn wọn já sí asán, wọ́n yí i sí ẹ kú oríire, wọ́n sì jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà títí a fi dín in.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí alárinà fi wá lọ́nà tó yẹ. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kàn bi mí bóyá pàǹtí náà délé dáadáa. A ṣègbéyàwó kí a tó lọ sí Òkè Ọya, tùwó náà kò sì pa wá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó ilé yẹn, kò sí ohun tí mo gbé fún ìyá ọkọ mi, ì báà jẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ ọbẹ̀, tí kò kọ́kọ́ gbé sí imú, kó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ló tún kú?" Àwọn ọmọ mi rò pé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi dàgbà, ó darúgbó, a ti padà sí Abẹ́òkúta nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé. Èmi ló ń tọ́jú rẹ̀, torí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ òun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pè mí.

"Igi òdòdó rẹ ìjọ́sí, ṣé ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ó wà, Ìyá."

"Ó dáa. Má ì já a o." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sinmi. "Ṣùgbọ́n bó bá ti yá, ìwọ ni kí o gbé e wá fúnra rẹ. Mi ò fẹ́ ti ọ́fíìsì. Tìrẹ ni mo ti mọ ohun tó ń sọ."

Mo já a láàárọ̀ ọjọ́ tí a sin ín. Oje rẹ̀ dà sí mi lápá aṣọ, mi ò sì nù ún.